Àwọn Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́ Wa àti Ètò Titun Tí A Gbé Wọ̀ Wọ́n

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ̀ka Òṣogbo, sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ní Iléṣà)

Àwa tí ẹ rán ní iṣẹ́ ni a padà wá jẹ́ ẹ.

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé èṣí, ọ̀rọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà mẹ́jọ tí ó wà ní yàrá ìkàwé Ẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Àwọn kan ní kí á tà wọ́n ní gbàǹjo, nítorí pé ilé-iṣẹ́ Microsoft ti kéde pé òun kò ní tọ́jú Windows 10 mọ́ bí ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 bá ti kọjá. Àwọn mìíràn ní ìdẹ́rùbà lásán ni, pé ẹ̀rọ tí ó ṣiṣẹ́ lónìí yóò ṣiṣẹ́ ní ọ̀la. Ẹ wá ní kí àwa tí a fẹ́ràn irú nǹkan wọ̀nyí ju oúnjẹ lọ wádìí rẹ̀. Ohun tí a rí ni pé ìhà méjèèjì ni ó ní òtítọ́ díẹ̀ lẹ́nu.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má bàa rú àwọn àgbà lójú, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ohun tí à ń pè ní ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Kò sí àlejò tí í wọ ààfin Ọwá kí ó sì lọ bá Kábíyèsí ní ìyẹ̀wù tààrà. Àwọn emèsè ni í gba iṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀, àwọn náà ni í sì í mú èsì jáde. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ètò ìṣiṣẹ́ rí. Irin lásán ni kọ̀ǹpútà, kò gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọmọdé bá tẹ lẹ́tà kan, tàbí tí akọ̀wé bá fẹ́ kí ìwé jáde lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ètò yìí ni ó ń gba iṣẹ́, tí ó ń pín in, tí ó sì ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà kí olè má baà wọlé. Windows jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Android tí ó wà nínú fóònù ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, tí ó sì wà nínú Ọpọ́n Ìmọ̀ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé jáde fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 2013, jẹ́ òmíràn.

Ǹjẹ́ emèsè tí ó ń jẹ́ Windows 10 kò kú ní ọdún 2025. Ó ṣì ń jíṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń júwe ojú àwọn olè titun fún un mọ́. Tẹ́lẹ̀ rí, lóṣooṣù ni Microsoft ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ láti dí ihò tí àwọn ọlọ́ṣà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Wọ́n fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ ní ọdún kan sí i, ṣùgbọ́n ọdún kan kò jìnnà. Orúkọ àwọn ọmọ tí ń gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Ẹgbẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì àwọn òbí wọn, wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à á kó sí ilé tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ń jẹrà.

Windows 11 ni ó kọ́kọ́ wù wá. Ọdún 2021 ni ó jáde. Ṣùgbọ́n ó ń béèrè ohun ìpamọ́ àṣírí kan nínú ẹ̀rọ, tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ó sì ń béèrè ọpọlọ ẹ̀rọ tí kò dàgbà ju bí ọdún 2017 tàbí 2018 lọ. Tòkunbọ̀ ni tiwa, ọdún 2013 àti 2014 ni a ṣe wọ́n. Àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń tì í wọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní tipátipá, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, àwa náà kò sì fẹ́ fi ohun ìní Ẹgbẹ́ ta tẹ́tẹ́.

Nígbà náà ni a yà sí ọ̀dọ̀ Linux. Ọmọ ilẹ̀ Finland kan, Linus Torvalds, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991 nígbà tí ó wà ní yunifásítì, tí ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ní ọdún 2004, Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé èyí tí ó ń jẹ́ Ubuntu jáde láti inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn Zulu àti Xhosa ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì súnmọ́ ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí. Èyí tí a mú ni 24.04, tí ó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ọdún márùn-ún ni wọn yóò fi máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin ọmọ òṣómàáló, tí baba yín ń lóṣòó sí ẹnu-ọ̀nà onígbèsè, ẹ ó fẹ́ bi wá pé ta ni yóò wá lóṣòó tì wá ní ìkẹyìn. Kò sí o. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó fẹ́ ìtọ́jú pàtàkì ni ó ń san owó fún Canonical tí ó ń ṣe é, ara rẹ̀ ni àwa yòókù ń jẹ.

Ẹrù rẹ̀ lé ní gígábáìtì márùn-ún. Òru ni a fà á wálẹ̀ ní Òṣogbo nígbà tí dátà dínwó, a kó o sínú fìláàṣì, a sì gbé e wọ mọ́tò wá sí Iléṣà. Òfin kò lòdì sí i, ẹnikẹ́ni ni ó lè ṣe àdàkọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ohun tí ó dùn mọ́ wa jùlọ ni pé ènìyàn lè tan kọ̀ǹpútà láti inú fìláàṣì náà, kí ó tọ́ Ubuntu wò, kí ó pa á, kí ó sì bá Windows rẹ̀ bí ó ti fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fún ẹ̀rọ kìn-ín-ní.

Ní ti ẹ̀rọ kejì, ẹ jẹ́ kí á jẹ́wọ́. Ayọ̀ ti gùn wá, a kò sì bi Ìyá tí ń ṣọ́ yàrá ìkàwé léèrè kí á tó nu gbogbo inú rẹ̀. Ìwé orúkọ àwọn tí ó yá ìwé, ti ọdún mẹ́ta gbáko, bá a lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Ìyá ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé pamọ́. Ọjọ́ méjì ni àwa mẹ́ta fi jókòó tún un tẹ̀, Ìyá kò sì bá wa sọ̀rọ̀ títí a fi parí. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀dà méjì, lórí fìláàṣì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ni a ń ṣe kí á tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a kì í sì í bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀rọ amúnáwá wà nítòsí.

Ẹ̀rọ tí ènìyàn ń tàn kí ó tó lọ ra àkàrà, tí yóò sì padà bá a tí ó ṣì ń mí hẹlẹ, ti ń dìde báyìí kí ènìyàn tó fìdí kalẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá kíkọ, ẹ rántí ìwé ìròyìn wa ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tí “ọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà” jáde bí “owo fún àwọn àgbà”, tí àwọn àgbà sì ń bèèrè owó náà. Àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè ni ó ń pàdé lórí lẹ́tà kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń ṣìnà. A ti yan bọ́tìnnì Yorùbá inú Ubuntu nísinsìnyí, ẹ̀rọ náà ni a sì fi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kí á má parọ́ mọ́ Windows: ó ti pẹ́ tí bọ́tìnnì Yorùbá ti wà nínú tirẹ̀. Àwa ni a kò wá a.

Kì í ṣe pé kò ní àbùkù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa àtijọ́ ṣe agídí fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé tí a bá fi Word ṣe tẹ́lẹ̀ a máa yí ipò padà díẹ̀ bí a bá ṣí i nínú LibreOffice. Ètò ìṣirò owó tí Baba Akápò ń lò kò sì bá Ubuntu rẹ́ rárá. Nítorí náà a fi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ fún wọn pẹ̀lú Windows 10 rẹ̀, a kó àkọsílẹ̀ ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ kúrò nínú rẹ̀, a sì já a kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá.

Ẹ̀rọ méje yòókù ń ṣiṣẹ́. Láti ọdún 2015 ni ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà fún gbogbo ọmọ. Ọmọ tí kò bá tíì di asin rí kí ó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, iye ìṣẹ́jú tí yóò fi wá bọ́tìnnì kiri ni a yọ kúrò nínú àkókò rẹ̀. Bí a bá ta ẹ̀rọ mẹ́jọ ní gbàǹjo tí a fi owó rẹ̀ ra titun, bóyá méjì ni a ó rí rà, àwọn ọmọ wa yóò sì tò sí ẹ̀yìn méjì. A rọ ìpàdé yìí pé kí á fagi lé àbá gbàǹjo, kí á sì fi owó tí ẹ ti yà sọ́tọ̀ ra bátìrì tí yóò gbé yàrá náà dúró nígbà tí iná bá lọ.

A ó wà ní yàrá ìkàwé ní ọ̀la láti aago mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá ní tòkunbọ̀ tirẹ̀, kí ó gbé e wá, ṣùgbọ́n kí ó ti ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ láti ilé. Ìyá yóò wà ní ẹnu-ọ̀nà, wọn yóò sì bèèrè.