Ẹ Má Tíì Sanwó Ojú Láptọ̀ọ̀pù

Ẹ̀yin ọmọ Àkókó olókè àpáta, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àrìgìdì, ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin ní Àkùngbá, ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi mí lemọ́lemọ́: ẹnì kan bá yín fi Windows tuntun sí láptọ̀ọ̀pù tòkúnbọ̀ yín, nígbà tí ẹ ó fi ṣí i, lẹ́tà ti tóbi, ó ti ṣú, ojú èèyàn inú àwòrán ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ni onítọ̀hún bá ní ojú rẹ̀ ti kú, kí ẹ lọ wówó òmíràn wá. Ẹ dákun, ẹ má tíì sanwó.

Iye hóró ìmọ́lẹ̀ tí ilé iṣẹ́ bá tò sójú láptọ̀ọ̀pù kì í yí padà títí ayé: Full HD ní 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró, ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ àtijọ́ sì ní 1366 àti 768. Bí iye tí Windows ń lò bá yàtọ̀ sí èyí tó wà níbẹ̀ ní ti gidi, ṣe ni yóò máa fa àwòrán náà kó lè kájú àyè, ibẹ̀ ni lẹ́tà ti ń ṣú.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o, nítorí òun ni mo fẹ́ràn jù láti kọ́ni. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ Start, ẹ yan Device Manager, kí ẹ ṣí Display adapters. Bí ẹ bá rí Microsoft Basic Display Adapter níbẹ̀, dráífà, ìyẹn ètò tí Windows fi ń darí ẹ̀rọ àwòrán, ni kò sí. Kò tíì sí ẹ̀rí pé ojú kú. Ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí Windows Update wá dráífà náà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Display settings, kí ẹ yan iye tí wọ́n kọ Recommended sí lára. Bí lẹ́tà bá wá kéré jù fún àgbà, ẹ má fọwọ́ kan iye yẹn mọ́. Scale ni kí ẹ gbé sí 125%. Ojú tí yóò báni kalẹ́, kì í tàárọ̀ ṣepin.

Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tí ń lẹ bébà Full HD mọ́ ẹ̀rọ tí kò ju 1366 lọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: ẹ ṣí Display settings lójú ẹni tí ń tà á, kí owó tó kúrò lápò yín.

Èyí tó burú jù ni ti wíwá dráífà kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ìpolówó èké ti ń sọ fún yín pé kí ẹ pe nọ́ńbà kan, tí ẹni tó gbé e yóò sì ní kí ẹ fi áàpù kan sí i kí òun lè ti ọ̀dọ̀ òun bá yín tún un ṣe. Áàpù yẹn ni yóò fi rí àkáǹtì báńkì yín.

Mo tún un sọ: ẹ má sanwó ojú tuntun láìwo Device Manager, ẹ má sì jẹ́ kí àjèjì kankan ti òkèèrè wọ inú kọ̀ǹpútà yín, nítorí ẹni tó bá wọlé tán, kì í ṣe ojú láptọ̀ọ̀pù ló bá wá, owó yín ló bá wá.