Bí Ọ̀rọ̀ Àjèjì Ṣe Ń Di Ọ̀rọ̀ Ẹni

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà kan náà ni a máa ń gbà kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tuntun. Olùkọ́ a kọ ọ̀rọ̀ 20 sára pátákó, a sì kọ ìtumọ̀ wọn síwájú wọn. Àwọn ọmọ a dà á kọ, wọn a sì há a sórí. Bí ìdánwò kékeré bá dé ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀pọ̀ a gba máàkì rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ka àròkọ wọn ní ọ̀sẹ̀ kejì, agbára káká ni yóò fi rí ẹyọ kan nínú ọ̀rọ̀ 20 náà tí a lò bí ó ti yẹ. Ibo ni wọ́n gbà?

Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀rọ̀ kì í dá gbé. Ó ní ẹbí, ó ní ọ̀rẹ́, ó sì ní ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dé. Ọmọ Yorùbá ń jẹ iyán, ó ń jẹ gbèsè, ó sì lè jẹ oyè. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti há a sórí pé “eat” ni “jẹ”, iyán nìkan ni yóò rí jẹ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. “Owe” ni ti gbèsè, ti oyè sì tún yàtọ̀. Bákan náà ni ẹni tí ó ń gbọ́ òórùn yóò kọ “hear” síbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo “smell”. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òpè. Ìtumọ̀ kan ṣoṣo tí a fún un ni ó lò.

Ohun tí èyí ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò kéré. Nínú àkàyé, àwọn WAEC a máa ní kí olùdánwò wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó lè rọ́pò èyí tí ó wà nínú àyọkà, gẹ́gẹ́ bí a ti lò ó níbẹ̀. Ẹni tí ó há ìtumọ̀ sórí a kọ ohun tí ó há, ìbáà má bá gbólóhùn náà mu. Ẹni tí kò bá sì ní kírẹ́dìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kùn yunifásítì ni ó ti sé mọ́ ọn.

Kí wá ni ṣíṣe? Kí olùkọ́ dín ọ̀rọ̀ kù sí 8, kí ó sì mú wọn jáde láti inú àyọkà tí kíláàsì ń kà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi gbólóhùn tí ó yí ọ̀rọ̀ ká méfò ìtumọ̀ rẹ̀, kí ó tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Lẹ́yìn náà, kí a wá ẹbí ọ̀rọ̀ náà. Bí a ti rí “ẹ̀kọ́”, “olùkọ́” àti “akẹ́kọ̀ọ́” láti ara “kọ́”, bẹ́ẹ̀ ni “product”, “production” àti “productive” ti jáde láti ara “produce”. Iwájú ni Yorùbá ń so tirẹ̀ mọ́. Ìdí ni Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń so tirẹ̀ mọ́. Ní ìparí, kí ọ̀rọ̀ náà padà wá ní ọjọ́ kejì, ní ọ̀sẹ̀ kejì, àti ní oṣù kejì, nínú gbólóhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ nǹkan ilé tirẹ̀. Ìpàdé ẹ̀ẹ̀kan kì í sọ àlejò di ọ̀rẹ́.

Àwọn kan a máa bẹ̀rù pé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti dá wọn lóhùn. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6, olùkọ́ àkànṣe sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ọ̀rọ̀ 8 tí ó wà lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ sàn ju 20 tí ó sùn sínú ìwé rẹ̀ lọ.