Ta Ni Í Béèrè Àlàáfíà Olùtọ́jú?

Ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lónìí ni ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn tàbí arúgbó nínú ilé, tí kì í gba owó oṣù lórí rẹ̀. Àwọn àgbà wa a máa wí pé, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe náà sọ ojúṣe ọmọ fún wa, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ọmọ náà yóò jẹ kí ọmú tó lè wà. Èyí tí òwe kò sọ ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ní Ìkòtún ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ ní àdúgbò náà. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá àgbà. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ń ta aṣọ ní ọjà ni ó ń gbé e dìde, òun ni ó ń wẹ̀ ẹ́, òun náà ni ó sì ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ní òru, òun ni ó ń yí i padà kí egbò má baà dá sí i lára. Ní ọjọ́ tí ó bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgandò, ṣọ́ọ̀bù di títì nìyẹn. Dókítà yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá wò. Ta ni yóò yẹ ti ọmọ wò? Àwọn àbúrò a máa fi owó ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá rí i, wọn a sì máa wí pé, “Ẹ̀gbọ́n wa ń gbìyànjú.” Ìyìn dára, ṣùgbọ́n ìyìn kì í gbé aláìsàn dìde lórí ibùsùn.

Láyé àtijọ́, agbo ilé ni í pín ẹrù yìí gbé. Ní Alímọ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń gbé nínú yàrá tí wọ́n háyà, tí àwọn ẹbí wọn sì wà ní ìlú mìíràn. Ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 níbẹ̀. Èrò pọ̀ lọ jàra, síbẹ̀ ọwọ́ tí yóò gbé aláìsàn kan ṣoṣo kò tó.

Kì í ṣe ohun àjèjì fún wa láti ka olùtọ́jú mọ́ ètò ìwòsàn. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, nítòsí Abẹ́òkúta, nínú èyí tí àwọn alárùn ọpọlọ ń gbé ní àwọn abúlé tí ó wà ní àyíká ilé ìwòsàn. Aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá a wá láti máa se oúnjẹ, láti máa fọ aṣọ, àti láti máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ètò náà mọ̀ pé ẹbí yìí wà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1995 fún olùtọ́jú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí ìjọba ìbílẹ̀ wádìí ohun tí ó ṣe aláìní. Òfin ọdún 2014 sì mú ẹ̀tọ́ náà gbòòrò sí i. Àwa náà ní òfin. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 wà fún àwọn aláàbọ̀ ara, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2017 sì dá ibùdó sílẹ̀ nítorí àwọn arúgbó. Ẹni tí a ń tọ́jú ni wọ́n dojú kọ. Ẹni tí ń tọ́jú ni ó ṣẹ́ kù.

Ẹnìkan lè wí pé, “Ìbùkún ni ìtọ́jú òbí, kí ni a ń wọ̀n nínú rẹ̀?” Ìbùkún ni lóòótọ́. A kò wọ̀n ọ́n láti san owó iṣẹ́. A ń wá ibi tí okùn ti fẹ́ já kí ó tó já. Nígbà tí olùtọ́jú bá ṣubú, aláìsàn di méjì nínú ilé kan.

Ìbéèrè márùn-ún tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni mélòó ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà? Wákàtí mélòó ni olùtọ́jú ń sùn lóru? Ìgbà wo ni a ti yẹ ara òun fúnra rẹ̀ wò gbẹ̀yìn? Kí ni iṣẹ́ yìí ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀, owó ni, ọjà ni, tàbí ẹ̀kọ́? Ǹjẹ́ nọ́ọ̀sì kankan ti kọ́ ọ bí a ti ń gbé aláìsàn tí ẹ̀yìn kò fi ní dun ẹni tí ń gbé e?

Ìdáhùn ni yóò fi ọ̀nà ìrànlọ́wọ́ hàn. Bí ó bá jẹ́ oorun ni kò sí, kí àbúrò kan wá gba òru ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjà ni ó ń tì, kí ẹgbẹ́ ọjà tàbí ẹgbẹ́ ìyá nínú ìjọ àti ní mọ́ṣáláṣí yan ẹni tí yóò jókòó ti ìyá ní ọjọ́ ọjà. Bí ó bá jẹ́ ìmọ̀ ni, iṣẹ́ ilé ìwòsàn nìyẹn, kí aláìsàn tó kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọmọ tí ń pẹ́ dé, tí ń tòògbé nínú kíláàsì, lè jẹ́ pé òun ni ó wẹ bàbá rẹ̀ tí ó sì pọn omi sílẹ̀ kí ó tó jáde. Kí ẹ tó mú ẹgba, ẹ bi í léèrè ẹni tí ó wà nílé.

Bí a bá sì dé ilé aláìsàn, kí a má ṣe béèrè ara ìyá nìkan. Kí a yíjú sí ọmọ, kí a wí pé, “Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?” Kí a sì dúró gbọ́ èsì. Mo fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí a jọ jókòó.