Gìtá Àlejò Nínú Orin Jùjú

Bí òde ìnáwó bá gbóná ní Àkùngbá Àkókó, yálà ìgbéyàwó ni tàbí ìsìnkú àgbà, kì í pẹ́ kí orin King Sunny Adé tó dún. Ará ilé, àti àwọn tí ó ti Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà wá, gbogbo wọn yóò bọ́ sí agbo. Gángan ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ yóò máa fà lókè rẹ̀ bí ẹni tí ń rárà. Ilẹ̀ òkèèrè ni ohun èlò tí ń dún bẹ́ẹ̀ ti wá. Ìbéèrè àpérò yìí nìyí: ǹjẹ́ orin tí ó yá ohun èlò àjèjì lò ṣì lè jẹ́ ti Yorùbá?

Pedal steel guitar ni orúkọ ohun èlò náà. Ní erékùṣù Hawaii ni àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ ń fi irin yọ̀ lórí okùn gìtá, ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà, àwọn olórin kọ́ńtírì, ìyẹn orin àwọn ará ìgbèríko ibẹ̀, sọ ọ́ di tiwọn. Nígbà tí ó yá ni wọ́n fi pẹ́dà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kún un. Orin kọ́ńtírì kò sì ṣe àjèjì ní Nàìjíríà, nítorí àwo Jim Reeves ti gbé e wọ ọ̀pọ̀ ilé.

Ní 1982, ẹgbẹ́ Rank and File gbé àwo Sundown jáde ní Amẹ́ríkà. Lára wọn ni àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti ń kọ orin pọ́ńkì, orin aláriwo tí ń tako ayé àwọn àgbà. Wọ́n wá padà lọ mú orin kọ́ńtírì, orin àwọn àgbà gan-an, pò mọ́ tiwọn. Ní ọdún yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Island gbé àwo Juju Music ti Sunny Adé, ọmọ ìdílé ọba Oǹdó, jáde fún gbogbo ayé. Orin méje ni ó wà nínú rẹ̀, Demola Adepoju ni ó sì ta gìtá onípẹ́dà náà.

Ẹni tí ó ń ṣàníyàn fún àṣà lè wí pé àdàlú ba orin jẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó wo ìtàn jùjú. Nígbà tí Tunde King ń kọ ọ́ ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, kò sí gángan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni gángan wọlé, tí gìtá oníná náà sì wọlé, I. K. Dairo tún mú àkọ́díọ̀nù wá. Gángan tí gbogbo ènìyàn kà sí ọkàn jùjú lónìí, àlejò ni òun náà nínú rẹ̀ nígbà kan.

Kí ni ó wá jẹ́ kí gìtá àwọn ará ìgbèríko Amẹ́ríkà bá ìlù Yorùbá mu? Ohùn ni. Ohùn ni ó ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀. Bí onígángan ti ń fún ọṣán ìlù rẹ̀, ohùn ìlù ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń yọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn. Dùùrù kò lè yọ̀ bẹ́ẹ̀. Gìtá onírin yìí lè ṣe é. Àlejò tí ó mọ bí a ti ń fa ohùn kò ní í pẹ́ gbọ́ èdè ilé.

Ní 1984, Sunny Adé gbé àwo Aura jáde. Stevie Wonder fun hàmóníkà nínú rẹ̀, ìlù ẹ̀rọ sì pọ̀ níbẹ̀. Ọjà kò tà tó bí ilé-iṣẹ́ náà ti fẹ́, àdéhùn wọn sì parí. Ní 1998 ni ó gbé Odù jáde, àkójọ àwọn orin ìbílẹ̀ Yorùbá, èyí tí wọ́n yàn mọ́ àwọn tí ó dupò fún ẹ̀bùn Grammy. Gìtá onípẹ́dà náà kò sì kú. Nígbà tí Paul Simon gbé àwo Graceland jáde ní 1986, Demola Adepoju ni ó ta á nínú orin tí ó ń jẹ́ orúkọ àwo náà. Amẹ́ríkà ni ó ti wá, ọwọ́ Yorùbá ni ó sì gbé e padà.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún olùkọ́, àti fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá. Ewu kò sí lára àlejò. Ewu wà níbi tí àwọn ọmọ ti ń jó sí gángan tí wọn kò sì gbọ́ ohun tí ó ń wí. Bí onílé bá gbàgbé èdè rẹ̀, èwo ni yóò fi kọ́ àlejò? Kí olùkọ́ tó béèrè ibi tí ohun èlò kan ti wá, kí ó kọ́kọ́ tẹ́tí sí èdè tí ó ń sọ, kí ó sì kọ́ ọmọ láti dá a lóhùn.