Àga Láti Inú Pákó Àlòkù



Ọ̀rọ̀ tí a bá wá lónìí kò jìnnà sí ibi tí ẹ jókòó lé. Àpótí ni bàbá wa ń pe ohun tí ó ń kó aṣọ sí, àpótí náà sì ni ìyá wa ń jókòó lé nídìí ààrò. Orúkọ kan náà ni. Ẹni tí ó bá ní àpótí ẹrù tí ó ti fọ́ lẹ́yìnkùlé, àga ni ó ní tí kò tíì mọ̀.

Pákó irú èyí kò ṣe àjèjì ní Kàdúná. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò níhìn-ín ní 1975, inú àpótí pákó ni àwọn ẹ̀yà mọ́tò máa ń bá ti ilẹ̀ Faransé dé. Lónìí, ẹni tí ó bá dé Pàǹtẹ́kà ní Tudun Wada yóò rí pákó àlòkù, ilẹ̀kùn àlòkù àti irin oríṣiríṣi. Ẹ ná an dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ara pákó kí ẹ tó sanwó. Àwọn pákó tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ẹrù ọkọ̀ òkun máa ń ní òǹtẹ̀ lára. Láti 2002 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò lé e lórí. Bí ẹ bá rí HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀, kò sí ewu. Bí ó bá jẹ́ MB, gáàsì olóró ni wọ́n fín sí i. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ má fi ṣe ibùsùn ọmọ, ẹ má sì fi dáná. Èyí tí òògùn apakòkòrò bá ti dà sí, kódà bí kò ní òǹtẹ̀, ẹ má gbé e wọlé. A mọ̀ pé ọ̀fẹ́ máa ń wu ni.

Ní ọdún kan, àwa fúnra wa kan bẹ́ńṣì kan láàárín òjò, pẹ̀lú pákó tí omi ṣì wà lára rẹ̀. Ó wuyì lójú. Nígbà tí ọyẹ́ dé, pákó gbẹ, ó sún kì, ìṣó sì tú. Ọjọ́ ìkómọ ni bàbá àgbà kan jókòó lé e, ni bẹ́ńṣì bá tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, abẹ́ òrùlé ni a ń to pákó sí fún oṣù kan ó kéré tán, pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Lẹ́yìn náà ni a ó gé ẹsẹ̀ mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, kí orí bẹ́ńṣì sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4. Ẹ fi hámà lu ẹnu ìṣó kí ó kú díẹ̀ kí ẹ tó kàn án, nítorí ìṣó tí ẹnu rẹ̀ mú máa ń la pákó. Ẹ fi igi kan dábùú láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ kan lọ sí òkè èkejì. Igi yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, òun gan-an ni kì í jẹ́ kí bẹ́ńṣì mì.

Nítorí ikán, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé òkúta tàbí sínú agolo mílíìkì, kí ẹ sì máa yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Ẹni tí kò bá ní ayùn lè yá ti aládùúgbò. Kí ó dá a padà kí oníǹkan tó béèrè.