Eyín Ni Kí Ẹ Kà, Kì í Ṣe Jíà

Jíà 21 ni ẹni tó ta kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ fún mi fi ń polówó ẹ̀. Mo gbé e dé òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè. Kí n tó dé ìdajì, mo ti ń tì í bí ọmọláńkẹ́. Eyín 24 ló wà lára jíà iwájú tó kéré jù, 28 lára tẹ̀yìn tó tóbi jù. Tí ẹsẹ̀ bá yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ yí lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn!

Èyí tí mò ń gùn báyìí, jíà 11 péré ni: eyín 30 níwájú, 46 lẹ́yìn. Táyà ò yí ju bí ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Ìjókòó ni mo fi ń gùn ún dókè.

Ṣùgbọ́n sísọ̀kalẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Lọ́jọ́ kan, bíréékì gbóná, mo fà á, kò mú mọ́. Igbó ló gbà mí dúró. Díìsì iwájú 160 mílímítà ni mo pààrọ̀ sí 180. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá fọ́ọ̀kì yín gbà á o. Tẹ́ ẹ bá sì ti dé orí òkè, ẹ rẹ ìjókòó sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa bọ̀.