Bọ́ńpà Tó Fọ́: Ṣé Kí A Rán An Ni, àbí Kí A Ra Òmíràn?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Èbúté Èrò



Owó yíyá ni ẹ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Nígbà tí a ṣí fáìlì ẹgbẹ́, a rí i pé púpọ̀ nínú àwọn onímọ́tò yín ló kọ ọ́ pé owó bọ́ńpà ni àwọn ń fẹ́. Kò yà wá lẹ́nu. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ láti orí afárá Carter wọ ibí rí, tí ọmọlanke wà lọ́tùn-ún, tí alábàárù wà lósì, tí kòròpe yà lójijì níwájú, kò ní béèrè ohun tó fọ́ ọ.

Ní ọdún 1975, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní Èkó àti Peugeot ní Kaduna, irin ni bọ́ńpà. Bó bá tẹ̀, òòlù ni wọ́n fi ń lù ú padà. Rọ́bà ni ti òde òní. Irin tó ń gba ìjà gan-an wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí irin yẹn bá ti tẹ̀, tàbí tí etí tí wọ́n fi so bọ́ńpà mọ́ ọkọ̀ bá ti já dànù, ẹ ra òmíràn. Èyí tí wọ́n fi okùn so lè já lórí eré, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò sì gbà á.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ó kàn là ni, ó ṣe é rán. Ẹ yí i padà, ẹ ó rí lẹ́tà kéékèèké tí wọ́n tẹ̀ sí i nínú. Bí PP bá wà níbẹ̀, ooru ni oògùn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti da súpà gúlù sí i rí, ẹ mọ̀ pé kì í mú un. Èyí tí wọ́n kọ ABS sí lára ló ń gba gọ́ọ̀mù tó bá yẹ ẹ́.

Kí oníṣẹ́ fi ọṣẹ fọ epo àti ìdọ̀tí kúrò. Kí ó lu ihò kékeré sí ìparí ibi tó là, kí ó má baà là síwájú mọ́. Kí ó wá fi irin gbígbóná, irú èyí tí atúnrédíòṣe fi ń yọ́ òjé, tẹ wáyà tí kì í dípẹtà mọ́ ọn láti inú, kí ó sì yọ́ rọ́bà lé e. Rọ́bà wo? Ibí yìí ni wọ́n ti ń fi owó yín ṣòfò. Àwọn kan ń gé kẹ́ẹ̀gì fi dí i. Kẹ́ẹ̀gì tó pọ̀ jù kì í ṣe ẹbí PP. Ojú iṣẹ́ á dán, ọ̀dà á bò ó, gbígbọ̀n ọ̀nà á sì tún un là. Ara bọ́ńpà àlòkù tó ní lẹ́tà kan náà ni kí ó ti gé e. Ní gbangba ni kí ó ti ṣe é o, nítorí èéfín. Ọ̀dà àkọ́kùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti rọ́bà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa bó bí awọ ejò.

Ẹni tó bá ní láti rà, tó sì gba Ládípọ̀ ní Mushin lọ, kí ó mú èyí tó fọ́ dání fi wé e, kí ó sì wo inú tòkunbọ̀ náà dáadáa. Ọ̀dà tuntun níwájú lè bo àpá rírán mọ́lẹ̀.

Ìgbìmọ̀ owó yíyá, ẹ̀yin ló kù. Owó tí ẹ ń fi síta, owó ìyá aláta tó ń dá a ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni. A kò ní kí ẹ má yá onímọ́tò. Ọkọ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí akápò àti ẹnìkan tó mọ̀ nípa ọkọ̀ lọ fojú rí bọ́ńpà náà, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sẹ́yìn ìwé ìtọrọ owó, kí àwọn onídùúró náà kà á kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Bí rírán bá tó, owó rírán ni kí ẹ yá a. Kí rìsíìtì wọ fáìlì kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé. A ó béèrè rẹ̀ nígbà tí a bá padà wá yẹ ìwé wò.